Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Fẹ́ Ọ̀rá

Ìwọ òmùgọ̀ tí mo ń kọ̀wé sí, mo gbọ́ pé o ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ, o fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá, kí o lè máa ta àpò ọ̀rá fún àwọn ìyá Ọjà'bà, kí o sì máa ta ọ̀rá omi fún àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń kiri ní Bẹẹrẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Fífẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ìyàwó o; bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàlúùnù ni. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó ni o, ti ọ̀rá ni o, ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò kábàámọ̀ nínú méjèèjì.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí o mọ ohun tí o fẹ́ bà jẹ́. Hóró rọ́bà funfun wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sẹ́nu àrọ. Láti ibẹ̀, ó bọ́ sínú àgbá irin gbọọrọ tó gbóná, níbi tí súkúrù ńlá kan ti ń yí, tó ń tì í síwájú, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń yọ́ ọ. Ó dé orí dáì, irin roboto tí ẹnu rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́ yíká bí òrùka, ó sì ń yọ jáde níbẹ̀ bí ọ̀pá tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, á wú, á di bàlúùnù tó ń gòkè lọ sójú àjà. Òrùka afẹ́fẹ́ wà nídìí rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára kó lè tutù. Lókè pátápátá, róólà méjì á pa á pọ̀, á di pẹlẹbẹ, wọ́n á sì ká a bí ẹni ká ẹní. Ọ̀rá dé nìyẹn.

Nǹkan márùn-ún ló di gbogbo rẹ̀ mú: ooru, eré tí súkúrù ń sá, afẹ́fẹ́ inú, afẹ́fẹ́ ìta, àti eré tí róólà òkè fi ń fà á. Àwọn márààrún dà bí orogún nínú agbo ilé kan. O ò lè bá ọ̀kan wíjọ́ kí mẹ́rin yòókù má gbọ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí kì í ṣe ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó o sún mọ́ mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Wá ilé tí àjà rẹ̀ kúrú

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa gbé ẹ̀rọ wọn sínú ilé gìrìwò, bí irú èyí tó wà ní Olúyọ̀lé Estate, tí òrùlé ga, tí atẹ́gùn kì í kàn ṣàdédé ya wọlé. Má dá wọn lóhùn. Ṣebí ilé bàbá bàbá rẹ wà ní Bẹyẹrúnkà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà tó pọ́n bí ata. Ibẹ̀ ni kó o gbé e sí. Ẹ̀rọ kékeré pàápàá lè ga tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí bàlúùnù gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kó tó tutù. Bí àjà ò bá gbà á, gé òpó ẹ̀rọ náà kúrú. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ohun tó fẹ́ ṣe nìyí: ọ̀rá á dé ẹnu róólà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, ojú rẹ̀ méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́. Oníbàárà á rò pé àpò lòun rà. Ó dilé kó tó mọ̀ pé kò lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ṣí fèrèsé tó kọjú sí òkè Màpó sílẹ̀ gbayawu, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọ lára. Bí bàlúùnù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí eégún alágbo, tó tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó tẹ̀ sósì, pàtẹ́wọ́ fún un. Apá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí á tètè dì, kò ní í fẹ̀ mọ́, á sì ki. Apá kejì á máa nà, á máa nà, títí á fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀rá kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ kan lè gbé ìrẹsì, ẹ̀gbẹ́ kejì ò lè gbé ata.

Ìgbésẹ̀ kejì: Má dúró kí àgbá gbóná

Rọ́bà àná ṣì wà nínú àgbá, ó ti le bí òkúta. Onísùúrù á tan hítà, á jókòó fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn, ooru ibi tí a ki wáyà bọ̀ nìkan ni. Àárín irin kò tíì gbọ́. Ìwọ, bí nọ́ńbà bá ti dé 180 báyìí, tẹ súkúrù. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òwe yẹn ò sọ pé a kì í fi ìkánjú yí súkúrù tútù. Ohun tó bá kán nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, tìẹ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí iná bá pọ̀, ọbẹ̀ á tètè jinná

Irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní LDPE, èyí tó ń rọ̀ lọ́wọ́, máa ń yọ́ ní nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Wọ́n sábà máa ń fi ooru 160 sí 200 fẹ́ ẹ, tí ooru á sì máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu àrọ dé orí dáì. HDPE, èyí tó ń dún wàràwàrà, a máa fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 190 sí 230. Àwọn nọ́ńbà yìí wà lára ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ rọ́bà. Bẹ́ẹ̀, ìwé ọ̀hún lo fi di ẹ̀pà jẹ.

Gbé gbogbo rẹ̀ sí 260. Rọ́bà á ṣàn bí ògì. Bàlúùnù á máa gbọ̀n, èéfín á máa rú, àmì dúdú wẹ́wẹ́ á sì máa yọ lára ọ̀rá bí ẹni pé ẹ̀gbẹsì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ojú bá tì ọ́, já a wálẹ̀ sí 130, kí o wá sáré súkúrù. Nígbà yẹn, ara ọ̀rá á rí hágahàga bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, torí rọ́bà tí kò yọ́ tán lò ń fi tipátipá fún jáde.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí o wò rárá. Bí o bá tẹjú mọ́ bàlúùnù náà, wàá rí i pé nísàlẹ̀ ó mọ́ gaara bí omi. Bó ti ń gòkè, ó dé ibì kan tí ara rẹ̀ ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Ibẹ̀ ló ti dì, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé. Ìlà yẹn ni ojú ẹni tó mọṣẹ́ máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ìlà bá gòkè, ó mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù, tàbí eré ti pọ̀ jù, tàbí atẹ́gùn ìta ò tó. Bó bá wálẹ̀ jù, ó mọ̀ pé ọ̀rá ti ń dì kó tó fẹ̀ tán. Bí àárọ̀ ọyẹ́ bá ti di ọ̀sán gangan, tí oòrùn ti ń ta àwọn páànù Ìbàdàn, ìlà náà á gòkè fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ìwọ, fóònù rẹ ni kó o máa wò. Àwàdà pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gbogbo rọ́bà ni rọ́bà

Hóró tuntun wà tí wọ́n ń ṣe ní Ẹlẹ́mẹ, lẹ́bàá Pọtakọ́ọ̀tù, ní ilé iṣẹ́ tí Indorama gbà lọ́wọ́ ìjọba ní 2006. Wọ́n mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa bó ṣe ń yọ́ àti bó ṣe ń ṣàn. Ó wọ́n fún ọ. Nítorí náà, lọ gbá ọ̀rá inú gọ́tà jọ, da ìdérí ìgò mọ́ ọn, da ìdérí ọ̀dà mọ́ ọn, lọ̀ ọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, má jẹ́ kó gbẹ.

Kò sí ohun tó burú nínú ká tún ọ̀rá àlòkù yọ́, ká sọ ọ́ di ọ̀rá dúdú. Iṣẹ́ ọlọ́wọ̀ ni, ó sì ń dín ẹ̀gbin kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é dáadáa a máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, á fọ̀ ọ́, á sá a gbẹ. Ìdérí ìgò míì ò ní í yọ́ títí ooru á fi lé ní 160, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá rírọ̀ ti yọ́ tipẹ́. Hóró tí kò yọ́ á wá di kókó lára ọ̀rá, ibi tí kókó bá sì wà ni bàlúùnù ti máa bẹ́. Omi tó kù nínú rọ́bà á di oru, oru á di ihò.

Asẹ́ wáyà kan wà lẹ́nu àgbá tó ń mú ìdọ̀tí. Bí ìdọ̀tí bá dí i, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ọlọ́gbọ́n á pààrọ̀ asẹ́. Ìwọ, yọ ọ́ dànù pátápátá. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ, ṣé kò kúkú yẹ kó sọ ọmọ nù?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fi irin họ dáì

Tó bá yá, rọ́bà tó ti jó á dì mọ́ ẹnu dáì bí ọbẹ̀ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Idẹ ni wọ́n fi ń họ ọ́, nítorí idẹ rọ̀ ju irin dáì lọ. Ìwọ, mú sukurudiráfà, ha á kíkankíkan, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò àmàlà.

Jẹ́ kí n fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn ọ́. Ojú ibi tí o ha kò ju fínnífínní irun kan lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rá tó bá ti ibẹ̀ jáde á máa gbé ilà kan dání, ilà gbọọrọ kan láti òkè délẹ̀, bí ilà ojú ẹni tí wọ́n kọ ní kékeré. Ojú ilà yẹn ló ti fẹ́lẹ́ jù. Bí o bá fa àpò náà díẹ̀, á ya tààrà lójú ilà, bí ẹni fi rúlà fà á. Ilà ojú èèyàn ò ní kó má níyì. Ti ọ̀rá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Yí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà

Ibí ni ọgbọ́n òmùgọ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ, torí náà, fara balẹ̀.

Bí ẹnu dáì rẹ bá fẹ̀ ní 100 mìlímítà, tí bàlúùnù sì fẹ̀ ní 250, o ti wú u ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá pa á pẹlẹbẹ, á fẹ̀ ní nǹkan bí 393 mìlímítà. LDPE a máa fẹ́ kí wíwú rẹ̀ wà láàárín ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. HDPE lè tó mẹ́rin, ọrùn rẹ̀ á sì gùn gbọọrọ kó tó wú. Ti kíki rẹ̀ ńkọ́? Máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Bí róólà bá ń fa mítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀rá ki ní 50 máíkírọ́ọ̀nù, tí o wá sáré róólà dé 40 láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, kíki ọ̀hún á já sí 25. Bí oníbàárà bá ní 50 lòun fẹ́, tí o ń gbé 55 fún un, rọ́bà tó yẹ kó ṣe mítà 1,100 ti tán sórí 1,000. O ń ṣe sàráà, o ò mọ̀.

Ṣé o ti rí i bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì? Ó dára. Tí ọ̀rá bá ki ju bó ṣe yẹ, ìlànà rẹ nìyí: gbé ooru sókè, sáré róólà, dín súkúrù kù, fi afẹ́fẹ́ kún inú bàlúùnù, ṣí òrùka afẹ́fẹ́, kí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Má kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ọ̀rá bá bàjẹ́, o ò ní í mọ èwo ló bà á jẹ́. Èyí tó tún dára jù ni pé bó bá ṣèèṣì dára, o ò ní í mọ èwo ló tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ lọ́la o ò ní í lè ṣe irú ẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwọn kan wà ní Ìbàdàn yìí tí wọn ò lè kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá aláró tó ń re àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya àwòrán òpó gbọ̀ngàn Màpó sí lára, àwọn náà ní ẹ̀rọ tiwọn: ìkòkò, eérú, èlú àti ọjọ́. Bí ìyá bá dé ìdí ìkòkò láàárọ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Á wo ìfófòó rẹ̀. Á ti ìka bọ̀ ọ́. Bí aró ò bá tíì mọ, kò ní í da eérú àti èlú àti omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Á fi ohun kan kún un, á dé e, á bá tirẹ̀ lọ títí di ọjọ́ kejì. Kò ka ìwé ẹ̀rọ kankan. Ó kàn mọ̀ pé ìkòkò máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Dáì náà ń pẹ́: bí o bá yí ooru, ó lè gba ogún ìṣẹ́jú kí ara ọ̀rá tó sọ ohun tó gbọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìwọ ń fún un, lo bá tún yí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí NẸPA bá mú iná lọ, sáré lọ jẹun

Iná lọ. Súkúrù dúró. Bàlúùnù wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Rọ́bà ṣì wà nínú àgbá, àgbá ṣì gbóná janjan. Ẹni tó mọṣẹ́ á sáré tan jẹnẹrétọ̀, kó lè fún rọ́bà yẹn jáde. Bí kò bá sì sí dísù, bí iná bá ti dé, á fi rọ́bà mímọ́ ti ìdọ̀tí inú àgbá síta kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Ìwọ, gba Bẹẹrẹ lọ jẹ àmàlà. Bí iná bá dé nígbà tí o ò sí nílé, hítà á máa se rọ́bà náà láìsí ẹni tó ń rò ó. Á jó, á di èédú, á lẹ̀ mọ́ ara súkúrù. Èédú ọ̀hún á sì máa já bọ́ ní wẹ́wẹ́ sára ọ̀rá fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ìwọ ti gbàgbé pé iná lọ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Tẹ̀wé sí i bẹ́ẹ̀

Ara ọ̀rá dà bí ìda. Yíǹkì kì í dì mọ́ ọn, àfi kí iná mànàmáná kọ́kọ́ ta á lára bó ti ń kọjá. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní dáìnì: ọ̀rá tí iná ò ta wà ní nǹkan bí 31, ó sì yẹ kó tó 38 kí yíǹkì tó gbà á. Àwọn tó mọṣẹ́ a máa lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, wọ́n á já a fàì. Bí yíǹkì bá bá a lọ, iṣẹ́ ò tíì dé. Ìwọ, tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ra omi ní Bẹẹrẹ á mu omi tán, nọ́ńbà NAFDAC á wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àwíjàre tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ

Bí àwọn oníbàárà bá dé, há àwọn wọ̀nyí sórí: "Rọ́bà tí wọ́n tà fún wa ni kò dáa." "NẸPA ni." "Òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ ló rẹ́ wa jẹ." "Ọmọ iṣẹ́ tó lọ ló bà á jẹ́." Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, sọ pé àwọn ayé ni, pé ilé bàbá yín ní Bẹyẹrúnkà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ayé ò ní í sẹ́, torí wọn ò sí níbẹ̀.

Ìtàn kékeré kan, fún ẹni tó bá fẹ́ ronú pìwà dà

Rọ́bà LDPE yìí gan-an, àṣìṣe ni wọ́n fi rí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1933, ní ilé iṣẹ́ ICI ní Winnington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson há gáàsì ẹ́tílíìnì mọ́ inú irin, wọ́n fún un pọ̀, wọ́n gbé ooru rẹ̀ dé 170. Ohun mìíràn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, nǹkan funfun bí ìda ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n tún dán an wò, ó kọ̀; wọ́n tún dán an wò, ó bẹ́. Ó di oṣù kejìlá ọdún 1935 kí Michael Perrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé ọ́síjìn bíńtín tó bá gáàsì wọlé ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Irin wọn jò, gáàsì tí wọ́n sì tún dà sí i ló gbé ọ́síjìn wọlé.

Wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn náà ò mọ ohun tó ṣe é. Ohun tó fi wọ́n yàtọ̀ sí ọ ni pé Gibson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun bá ohun tó le bí ìda nínú irin. Bí kò bá kọ ọ́ ni, wọ́n á kàn ha á dànù, wọ́n á fọ irin wọn, wọ́n á lọ sílé. Ewé nìkan la ò bá sì máa fi pọ́n mọ́ínmọ́ín títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ ọjà

Ní ọjọ́ kan, mo tẹ̀lé ọmọkùnrin kan tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ, a dé Ọjà'bà, ọjà tí wọ́n fi oyè Ìbà Olúyọ̀lé sọ. Ó gbé ìdì ọ̀rá kalẹ̀ níwájú ìyá kan tó ń ta ọ̀rá lábẹ́ agboòrùn.

"Ẹ káàsán o, Ìyá mi. Ọjà yín dé."

"Káàsán, ọmọ mi. Jẹ́ n wò ó."

Ó fa ẹyọ kan yọ. Ó rá a létí, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà níbòmíràn, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́nu àpò náà, kò ṣí. Ó tọ́ ìka lá, ó tún gbìyànjú, kò ṣí. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó rí àwọn àmì dúdú. Ó mú etí rẹ̀ méjèèjì, ó fà á díẹ̀. Ó ya fààà, tààrà, lójú ilà.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Àwa náà ni, Ìyá mi."

"Ẹni tó ṣe é, inú ń bí i lọ́jọ́ náà."

Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú ìwé ọmọ iléèwé kan tó fi okùn so kọ́ ìṣó. Ìwé àwìn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwìn nìkan. Ó ṣí i. Ó ti kọ ọjọ́ tí ìdì kọ̀ọ̀kan dé, iye tó jẹ́, àti bó ṣe rí: *dáa*, *lẹ̀ mọ́ra*, *ya*, *dáa*.

"Èyí tí ẹ gbé wá lóṣù tó kọjá dáa," ni ìyá wí. "Mo kọ ọ́ síbí. Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn tí ẹ ò ṣe lónìí?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀. Ní ilé iṣẹ́ tó ti wá, ẹ̀rọ tó ná wọn ní owó ilé ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kò sì sí ìwé kankan nídìí rẹ̀.

Gbogbo ìmọ̀ràn mi nìyẹn, ìwọ òmùgọ̀. Bí o bá tẹ̀lé e, gbèsè ò ní í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé àṣìpè lorúkọ tí mo pè ọ́ yìí, ra ìwé ogún ewé kan àti bírò kan, kí o fi okùn so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. Yí nǹkan kan ṣoṣo. Dúró. Wò ó. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá tó ń ta ọ̀rá ní Ọjà'bà ti ní tirẹ̀.